Odindi Ni Kí O Máa Gbé Mì

Ìsọ̀ Télọ̀ Bàbá Ìbejì,
Pákò, Igbó-Ọrà.
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ìrun Àìlà.

Kẹ́hìndé ọmọ mi,

Ara gbogbo wa le nílé, nítorí náà mi ò ní fi ìdajì ojú ìwé kí ọ kí n tó bọ́ sórí ọ̀rọ̀. Bébà tí mo rà kò pọ̀, ohun tí mo fẹ́ sọ ló pọ̀. Ìyá rẹ ní kí n fi sùúrù kọ ọ́. Mo ní màá gbìyànjú.

Lẹ́tà ọkọ rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀. Bàbá Sikirá, tó ń kó ẹrù láti ọ̀dọ̀ wa lọ sí Bùáké, ló mú un bọ̀. Múfútàù kọ ọ́ pé o ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì láàrin oṣù kan, pé ìdí ààrò ni ẹ̀ẹ̀kejì ti ṣẹlẹ̀, àti pé bí òun kò bá sí nílé ni, ojú rẹ ì bá ti wọ iná. Ọ̀pọ̀ ọdún ni o kò fi ṣubú kí o tó kúrò lọ́dọ̀ wa. Mo rò pé ẹlòmíràn ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìgbà tí mo kà á dé ìsàlẹ̀ ni mo rí ibi tó ti kọ ọ́ pé: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá a wí. Ó ń gé oògùn rẹ̀ sí méjì. Ó ń fún ọmọ aládùúgbò wa kan, tí yàrá wọn dojú kọ tiwa, ní ìdajì kan lójoojúmọ́."

Mi ò tẹ máṣíìnì mọ́ lọ́jọ́ náà. Aṣọ ìyàwó kan wà lórí tábìlì tí wọ́n fẹ́ wá gbà ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n dé, wọn ò rí i gbà, wọ́n sì sọ̀rọ̀ sí mi. Mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Ohun tó bí mi nínú jù ni pé mo ti ń bi ọ́ léèrè. Lẹ́tà mẹ́ta ni mo kọ sí ọ láti ìgbà tí o ti lọ bá ọkọ rẹ. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ti béèrè pé oògùn tó kù lọ́wọ́ rẹ, mélòó ni? Ọgọ́sàn-án hóró ni nọ́ọ̀sì kà fún ọ lójú mi, ti oṣù mẹ́fà, ọ̀kan lójúmọ́. Nígbà tó pé ọgbọ̀n ọjọ́, o kọ ọ́ pé ó ku àádọ́jọ. Ó pé. Nígbà tó pé ọgọ́ta ọjọ́, o kọ ọ́ pé ó ku ọgọ́fà. Ó pé. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta náà pé. Mo fi lẹ́tà rẹ han ìyá rẹ, mo ní, "Wo ọmọ tí mo bí, ìṣirò rẹ̀ kì í yẹ̀." Mo tilẹ̀ fi ọ́ yangàn lójú àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi.

Iye náà pé lóòótọ́. Mi ò kàn ronú láti béèrè pé inú ta ni oògùn náà ń lọ.

Ó yẹ kí n ronú rẹ̀. Kò sí ẹni tó yẹ kó tètè fura jù mí lọ, nítorí pé èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe irú ìṣirò yìí, orí ìwọ gan-an ni mo sì ti ṣe é. O kéré nígbà náà. Díẹ̀díẹ̀ ni o mọ̀ nínú rẹ̀, èyí tó kù ni a fi bò fún ọ nítorí pé ojú ń tì mí. Ní báyìí tí ìwọ náà ti ń ṣe é, màá sọ gbogbo rẹ̀.

O kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà tí wárápá kọ́kọ́ gbé ọ ṣánlẹ̀. Àpá tó wà lẹ́sẹ̀ òsì rẹ, tí a sọ fún ọ pé omi gbígbóná ló dà sí ọ, kì í ṣe omi gbígbóná. Àwọn àgbà ilé ló ki ẹsẹ̀ rẹ bọ iná kí o lè jí. Mo dúró níbẹ̀, mò ń wò wọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn, mo ra àgbo tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù pò. A rọ ọ́ sí ọ lẹ́nu, o sì sùn fún ọjọ́ méjì bí ẹni tí kò ní jí mọ́. Mo dúró níbẹ̀ náà. Ẹni tó ni àgbo ní kí n mú owó wá fún ìgò kejì. Inú bí mi nítorí owó náà, ìbínú yẹn ló gbé mi dé dìsípẹ́nsárì. Mi ò ní parọ́ fún ọ pé ọgbọ́n ló gbé mi dé ibẹ̀.

Nọ́ọ̀sì fún wa ní oògùn, hóró funfun kékeré, ọgbọ̀n fún oṣù kan. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, bí mo ṣe gbé e lé ọ lọ́wọ́ pẹ̀lú omi, ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Wọ́n ní, "Ìwọ télọ̀, kí lo fún Kẹ́hìndé?"

Mo ní, "Oògùn ni, ìyá mi."

"Táyé ńkọ́?"

"Ara Táyé le. Kò ní wárápá."

"Ta ló bi ọ́ nípa wárápá? Mo ní, Táyé ńkọ́? Ṣé o ti ra bàtà fún ọ̀kan rí kí èkejì máa wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀?"

Mo ní, "Oògùn kì í ṣe bàtà, ìyá mi."

Wọ́n ní, "Ó dáa. Bí Táyé bá bínú lọ, ìwọ ni wàá lọ pè é padà."

O mọ bí ilé wa ṣe rí. O mọ iye ìbejì tó wà ní àdúgbò wa nìkan, o sì mọ̀ pé kò sí ilé tí wọ́n ti ń fún ọ̀kan ní nǹkan kí wọ́n má fún èkejì. Ọ̀rọ̀ ìyá mi bà mí lẹ́rù. Mi ò sì lè lọ gba oògùn ọmọ méjì, nítorí ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Mo ki ọwọ́ bọ àpótí, mo mú abẹ kékeré tó ní èèkù igi, èyí tí mo fi ń tú ojú rírán, mo gbé hóró oògùn lé orí pákó tí mo fi ń gé aṣọ, mo sì gé e ní àárín gbùngbùn. Ìdajì fún Kẹ́hìndé, ìdajì fún Táyé. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, kò sí ẹni tó lè sọ pé ọ̀kan tóbi ju èkejì lọ. Inú ìyá mi dùn. Inú tèmi náà dùn, mo rò pé mo gbọ́n.

Oṣù márùn-ún ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. O ń ṣubú bí o ṣe ń ṣubú tẹ́lẹ̀. Ìgbàkígbà tí a bá lọ, nọ́ọ̀sì á ka èyí tó kù, iye rẹ̀ á pé, á sì máa wò mí bíi pé ọmọ mi ló ń ṣe oríkunkun sí oògùn. Nílé ìwé ẹ̀wẹ̀, Táyé bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé. Tíṣà rẹ̀ fúnra rẹ̀ fà á lọ́wọ́ wá sí ìsọ̀ mi. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé ọmọ yìí lẹ fi ń ṣọ́ ìsọ̀ yín ni? Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló sùn lórí ìwé mi lónìí, ó sì tún ń hanrun." Mo na Táyé. Ìyẹn náà wà lára ohun tí ojú fi ń tì mí.

Lóṣù kẹfà, mo mú ẹ̀yin méjèèjì lọ nítorí ìyá yín lọ ra ẹrù ní Lanlátẹ̀. Nọ́ọ̀sì ka oògùn, ó pé. Ó tún un kà. Ó ní, "Ọmọ yìí ń mu oògùn, ó sì ń ṣubú. Ó jọ pé oògùn yìí kò bá a lára mu. A ó ní láti rán an lọ sí Ìbàdàn." Bó ṣe gbójú sókè báyìí, ó rí Táyé tó ti fi orí ti ògiri, tó ń sùn.

"Èyí ńkọ́? Kí ló ń ṣe é?"

Táyé fúnra rẹ̀ ló dáhùn, kò tilẹ̀ la ojú tán. "Oògùn mi ló ń kùn mí lóorun, Nọ́ọ̀sì."

"Oògùn wo?"

"Ìdajì tèmi."

Nọ́ọ̀sì náà kò pariwo mọ́ mi. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó fi í sójú padà. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, tí mo bá gbé aṣọ ọ̀pá mẹ́rin wá fún yín pé kí ẹ rán ìró àti bùbá fún mi, tí ẹ gé e sí méjì, tí ẹ fún obìnrin tó jókòó tì mí ní ìdajì, èwo nínú wa ló máa rí aṣọ wọ̀ jáde?"

Mo ní, "Kò sí."

Ó ní, "Ẹ ṣeun. Oṣù márùn-ún lẹ ti fi ń rán an."

Òun ló ní kí á máa fún Táyé ní kóró ṣúgà kan ní àsìkò kan náà tí o bá ń lo oògùn rẹ. Ìyẹn tẹ́ ìyá mi lọ́rùn. Láàrin oṣù méjì, o ti jáwọ́ nínú ṣíṣubú. Eyín Táyé kan ni a fi san án, wọ́n yọ ọ́, ó sì máa ń rán mi létí rẹ̀ títí di òní nígbàkígbà tó bá ń béèrè nǹkan.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bínú, Kẹ́hìndé. Kì í ṣe pé o ní àánú lójú ni mo ń bá ọ jà sí. Mo ti san owó ẹ̀kọ́ yìí, ìwọ náà ti fi ara rẹ san án, o sì tún lọ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ àjèjì.

Mo rí ìwé pélébé tí o ki sínú lẹ́tà Múfútàù. O ní, "Bàbá, Àwà, ọmọ inú yàrá tó dojú kọ tiwa, kò ṣubú tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́ láti ìgbà tó ti ń lo ìdajì. Àwọn ọmọ yòókù kò jẹ́ bá a jẹun nínú àwo kan náà. Ṣé kí n wá máa wò ó ni?" Èmi kò sọ pé kí o máa wò ó. Gbọ́ ohun tí mo sọ.

Ohun kìíní. Láti ọjọ́ tí ìwé yìí bá dé, odindi ni kí o máa gbé mì. Kì í ṣe ọ̀la. Kì í ṣe ìgbà tí o bá kọ́kọ́ ronú sí i.

Èkejì. Àwà kì í ṣe ìwọ. O ní ọmọ ọdún méje ni. Èmi kì í fi ìwọ̀n ìyá rán aṣọ fún ọmọ, bó ti wù kí wọ́n jọra tó. Dókítà ní láti gbé e sórí òṣùwọ̀n kó tó mọ iye tó tó o. Ó lè jẹ́ pé ohun tí o ń fún un kéré, ó lè jẹ́ pé ó pọ̀, o kò mọ̀, èmi náà kò mọ̀. Ó sì tún lè jẹ́ pé ohun mìíràn ló ń ṣe é. Ìwọ àti ìyá rẹ̀ kò lè fi ojú wò ó mọ̀.

Mo mọ ohun tí o máa sọ. Wàá ní ilé ìwòsàn ńlá jìnnà, wàá ní Faransé ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, wàá ní orúkọ tí a ń pe oògùn náà níhìn-ín, wọn ò mọ̀ ọ́n lọ́hùn-ún. Mo ti ro gbogbo rẹ̀. Táyé kọ̀wé láti Ìlú Ọba, níbi tó ti ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó ní oògùn máa ń ní orúkọ méjì, èyí tí àwọn tó ń tà á fún un àti èyí tí àwọn dókítà mọ̀ ní gbogbo ayé. Mo mú lẹ́tà náà lọ bá nọ́ọ̀sì wa, ó sì kọ ti àwọn dókítà sórí bébà pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀. Ó wà nínú ìdì yìí. Kí Múfútàù tẹ̀ lé yín lọ, ó gbọ́ Faransé, ẹnu rẹ̀ kì í sì í rẹ̀ ẹ́ níbi tí wọ́n bá ti ń tajà. Kó lò ó níbẹ̀ fún ẹ̀ẹ̀kan.

Ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ Táyé yìí, jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un, nítorí o ti kọ ọ́ rí pé àwọn ará ibòmíràn ń gbádùn, àwa nìkan là ń jìyà. Táyé ní lọ́dọ̀ wọn oògùn kì í tán, pé wọ́n ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń so okùn rẹ̀ mọ́ orí aláìsàn, tó ń fa ìlà wínníwínní sórí bébà, tí dókítà sì ń kà á. Mo ní ó dára. Ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà yẹn kan náà, ó ní obìnrin kan tó ń lọ aṣọ níbi iṣẹ́ wọn ṣubú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n sì ní kó má wá mọ́. Ó wá ń bẹ Táyé pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni ní ilé tí òun ń gbé. Àbúrò mi tó gbé Kùmásí sọ pé ẹni tó lówó ń rí oògùn rà níbẹ̀ nígbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó wárápá gbé lọ́jà, wọ́n á sá fi í sílẹ̀, ìtọ́ ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ń sá fún. Níhìn-ín, oògùn kò wọ́n, ṣùgbọ́n ó máa ń tán. O rántí ọjọ́ mọ́kànlá tí ti dìsípẹ́nsárì kò fi dé? Kẹ̀kẹ́ ni mo gùn dé Èrúwà, mi ò rí i, mo wọ ọkọ̀ dé Ìbàdàn kí n tó rí ogún hóró. Kò sí ibi tí gbogbo rẹ̀ pé sí, ọmọ mi. Ibi tí o bá wà, mọ èyí tí wọ́n ní, mọ èyí tí wọn kò ní, kí o sì wá ọgbọ́n èyí tí wọn kò ní kó tó di pé o nílò rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ ìdáná. Má dá iná nígbà tí o bá dá wà nílé. Ṣe bí o ti ń ṣe nílé, jókòó sórí àpótí kékeré, má bẹ̀rẹ̀ mọ́ iná. Mo mọ̀ pé o ti dàgbà, o ti lọ́kọ. Iná kò mọ̀.

Sọ fún àwọn obìnrin inú ilé náà ohun tí wọ́n máa ṣe bí o bá ṣubú, tàbí bí Àwà bá ṣubú. Kí wọ́n gbé ẹni náà kúrò nítòsí iná àti òkúta, kí wọ́n yí i sí ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n dúró tì í. Kí wọ́n má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Kí wọ́n má ki ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni bọ iná. Bọ́ bàtà rẹ kí o fi àpá rẹ hàn wọ́n. Àpá yẹn ti wà lára rẹ láti kékeré, kò ṣe ìwúlò kankan rí, jẹ́ kó ṣiṣẹ́ díẹ̀. Kí o sì jókòó ti Àwà, kí ẹ jẹun nínú àwo kan náà lójú gbogbo wọn. Ìyẹn ni o lè bá a pín. Bí o bá pín in títí ilẹ̀ fi mọ́, mi ò ní bínú.

Ó ku ọ̀kan tó fún mi ní ìdààmú. Nọ́ọ̀sì ní ẹni tó bá ti ń lo oògùn yìí, bí ó bá dá a dúró lójijì, ó lè ṣubú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó túmọ̀ sí pé o kò lè sọ fún Àwà ní àárọ̀ ọ̀la pé ó tán. O rí i bí o ṣe kó gbogbo wa sínú rẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì nọ́ọ̀sì láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Ó ní òun kì í fún ọmọ tí òun kò fojú rí ní oògùn. Mo ní mo mọ̀. Ó ní kí n máa lọ sílé. Mi ò lọ. Nígbà tó yá, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ ò tíì gbàgbé abẹ yín?" Mo ní mi ò gbàgbé. Ó wá ka hóró méje, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé e sí mẹ́rìnlá, ó wé e lọ́tọ̀. Ti Àwà ni, ti ọ̀sẹ̀ méjì péré, kí ẹ fi dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ó ní kò sí òmíràn mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, mo sì mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ.

Nítorí náà, ìdì méjì ló wà nínú agolo tí Bàbá Sikirá mú wá. Èyí tó tóbi jẹ́ tìrẹ, odindi ni gbogbo rẹ̀, má fọwọ́ kàn án fún ẹlòmíràn. Èyí tó kéré jẹ́ ti Àwà. Pọ́n-ùn mẹ́ta wà lábẹ́ rẹ̀ fún owó ọkọ̀ Àwà àti ìyá rẹ̀ àti ohun tí wọ́n bá gbà nílé ìwòsàn. Owó páànù tí mo fẹ́ fi pààrọ̀ òrùlé ìsọ̀ ni. Òrùlé náà ti ń jò láti ọjọ́ pípẹ́, mo ti mọ ibi tí mo ń gbé máṣíìnì sí bí òjò bá ṣú. Má dá a padà. Má sì sọ fún ìyá rẹ.

Láti òní lọ, má kọ iye oògùn tó kù sí mi mọ́. Iye pípé ti tàn mí jẹ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ń pe ara mi ní ẹni tó mọ ìṣirò. Ohun mìíràn ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ.

Abẹ kékeré tó ní èèkù igi, tó wà nínú àpótí ìránṣọ tí mo dì fún ọ nígbà tí o ń lọ, mo mọ̀ pé òun ni o fi ń gé e. Òun náà ni mo fi gé e nígbà tìrẹ. Mo mọ̀ pé abẹ wà ní gbogbo ìsọ̀ ní Bùáké, pé o lè fi tọ́rọ́ ra òmíràn kí Bàbá Sikirá tó kúrò níbẹ̀. Èyí ni mo fẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin ló máa lò lọ́dọ̀ yín. Fi bébà wé e, fi lé e lọ́wọ́ kó mú un bọ̀ wá fún mi.

Bí ó bá dé, mi ò ní béèrè nǹkan kan mọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Bàbá Ìbejì.